Etí Tó Mọ Ohùn Abẹ

Ṣọ́ra o. Ìwọ tó jókòó tó ń ka ìwé yìí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Bí o bá rí abẹ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, má fi ìka tọ́ ọ wò bóyá ó mú. Ó mú. Ẹni tó bá fi ìka bi abẹ léèrè, ẹ̀jẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ, àpá rẹ̀ sì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ dòní, tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú ìránṣọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu rẹ̀. Ọmọ ń sáré jáde: "Ṣọ́ra." Ọkọ fẹ́ mu omi gbígbóná: "Ẹ ṣọ́ra." Àlejò fẹ́ jókòó sórí àga tí nǹkan kan ò ṣe: "Ẹ ṣọ́ra o." Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Ẹ-Ṣọ́ra, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò fọwọ́ kan abẹ mọ́. Bó bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí abẹ wà kọjá bí ẹni tó ń gba iwájú ajá tó sùn kọjá. Ó sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ajá ni.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù náà. Àga kan tó ń yí, dígí kan tó ti sán nígun, bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tó ń dúró. Ògiri pákó ló là á láàárín pẹ̀lú ilé ìdáná, ẹ̀yìn ògiri yẹn sì ni Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ti ń gbé omi kaná láràárọ̀. Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń sọ nípa ilé náà. Bí onígbàjámọ̀ bá ṣe parí abẹ pípọ́n báyìí, tó fi awọ pa á lójú tán, omi gbígbóná á ti dé, pẹ̀lú aṣọ ìnura. Kì í yá jù, kì í pẹ́ jù. Onígbàjámọ̀ ò pe ìyàwó rẹ̀ rí. Kò sì bi í rí bó ṣe ń mọ̀. Ó rò pé bí omi ṣe máa ń hó nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin náà gbé àkàbà, ó fẹ́ lọ tún pátákó ṣọ́ọ̀bù kùn.

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, ẹ ṣọ́ra."

Ó dáhùn láti òkè, "Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ló máa tì mí ṣubú lọ́jọ́ kan."

Kò tíì pa ẹnu dé tí àkàbà fi yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀, egungun rẹ̀ sì kán. Nílé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ náà ní simẹ́ńtì funfun láti ìka dé ìgúnpá. Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó máa ń súfèé láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kò súfèé mọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù. Ó rù. Orí àga oníbàárà ló máa ń jókòó sí, á máa wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò mọ̀gbà tó yẹ kó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní àárọ̀ Sátidé tí à ń sọ yìí, nígbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin onílé! Ẹ ò tíì jí ni? Ọkọ ìyàwó ti dé o!"

Bàbá Tíṣà ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Lónìí, ní aago méjìlá, ó fẹ́ gbé Aránṣọ níyàwó, obìnrin tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì, tí òun náà ti ń dá gbé. Tíṣà ti wọ ṣòkòtò tuntun, síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi wọ̀ ọ́, ó gbé kóòtù lé apá bí ọmọ ọwọ́. Àfi ojú rẹ̀. Irùngbọ̀n funfun ti bo ojú náà bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Tíṣà. Ẹ rọra, ẹ ṣọ́ra, àtẹ̀gùn yẹn—"

"Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo náà ni, ìyàwó wa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gùn ún, kò tíì gùn mí rí." Ó yíjú sí onígbàjámọ̀. "Ọ̀gá, dìde níbẹ̀. Mo wá fá irùngbọ̀n."

Onígbàjámọ̀ gbé simẹ́ńtì rẹ̀ sókè.

"Mo rí i," ni Tíṣà wí. "Mi ò fọ́jú. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ẹlẹ́rọ ìgẹrun tó wà ní ìkángun òpópónà. Kò ṣe nǹkan burúkú sí mi, ọrùn mi ló kọ̀ ọ́. Ó fá ọrùn lásán, mo ní kó dúró. Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, gbogbo ọrùn ti sú bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Aránṣọ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, 'Tíṣà, mi ò fẹ́ igbó lẹ́nu, mi ò fẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ lọ́rùn. Bí o ò bá ní ojú dídán, jẹ́ ká sún un síwájú.' Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sún un tẹ́lẹ̀! Aṣọ oníbàárà lẹ́ẹ̀kíní, ẹsẹ̀ dídùn lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sún un lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà á ronú, orí ẹ̀ á pé, kò ní fẹ́ mi mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Ẹ-Ṣọ́ra, tí ojú rẹ̀ kì í sinmi, rí i pé ọwọ́ tó fi di kóòtù mú kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ò ní ọwọ́ òsì ni?" ni Tíṣà bi onígbàjámọ̀.

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó yọ awọ gígùn tó máa ń fi pa abẹ lójú. Awọ náà ti gé láàárín, ó kù díẹ̀ kó já sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pọ́n abẹ lórí òkúta, ojú rẹ̀ ló ń ṣáájú, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bẹ́ òkúta náà ní pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí awọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ojú máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti ojú síwájú lórí awọ, awọ á gé, ojú abẹ náà á sì kákò. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ mọ èyí. Ọwọ́ ọ̀tún onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n ju orúkọ lọ. Ọwọ́ òsì ò mọ̀ ọ́n.

"Lánàá ni," ni onígbàjámọ̀ wí, jẹ́jẹ́. "Mo ní kí n gbìyànjú rẹ̀ nítorí yín. Ọwọ́ òsì ti ojú síwájú. Mo ba awọ jẹ́, mo ba abẹ jẹ́. Ó dára kí ẹ mọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Màmá Ẹ-Ṣọ́ra wolẹ̀. Ó ti mọ̀. Ó gbọ́ ọ láti ilé ìdáná lánàá, ìró kan báyìí, ṣàkì, bí ìgbà tí aṣọ bá há mọ́ ìṣó. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Kò wá wò ó. Ó rò pé bí òun ò bá rí i, ojú ò ní ti ọkọ òun.

Tíṣà wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Ìyàwó wa yìí náà ńkọ́?"

"Ta ni? Ìyá wọn?" Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí onígbàjámọ̀ máa fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń fi ṣíbí gé búrẹ́dì?"

Òótọ́ ni. Ṣíbí ló ń fi gé e. Ṣùgbọ́n òótọ́ máa ń dun ènìyàn nígbà mìíràn. Ó wo àpá àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Tíṣà lára kóòtù. Nígbà tó máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn náà ti jáde.

"Mo lè pọ́n ọn."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yíjú wò ó.

"Pípọ́n nìkan o," ló fi kún un kíákíá. "Mi ò ní fi kan ẹnikẹ́ni. Pípọ́n nìkan."

Ó gbé òkúta ìpọ́nbẹ sínú abọ́ omi kó rin. Ó fi ìka méjì mú abẹ níbi èkù, bí ẹni tó mú ìrù eku. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í.

"Gbé e lélẹ̀ pẹlẹbẹ. Kí ojú àti ẹ̀yìn jọ kan òkúta. Má tẹ̀ ẹ́ o. Wàyí, tì í lọ... kì í ṣe bẹ́ẹ̀... kó ṣáà máa... o rí i, ó ní bó ṣe máa ń... ṣáà máa ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é!"

"Tíṣà tó burú ni ọ́," ni Bàbá Tíṣà wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ká ní abẹ́ mi lo ti ṣiṣẹ́, mi ò bá ti lé ọ kí wọ́n tó lu aago oúnjẹ."

Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ò gbọ́ wọn mọ́. Ó ti di ojú. Ó ń ti abẹ lọ, ó ń yí i padà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fà á bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, abẹ náà ń kùn, ó ń há, bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lẹ́nu. Ó ń lọ. Ó ń bọ̀.

"Ó ti tó," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kò tíì tó."

"Ta ló ń pọ́n abẹ nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Èmi ló ń gbọ́ ọ." Kò la ojú. "Ó ṣì ń jẹ iyanrìn. Bó bá kúrò níbẹ̀, á dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa bébà ya díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa dákẹ́. Omi nìkan lẹ máa gbọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń nasẹ̀ mú aṣọ ìnura."

Onígbàjámọ̀ ya ẹnu. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí. Àbí ẹ̀yin rò pé omi ló ń mọ̀ fúnra rẹ̀?"

Tíṣà lu bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé e. "Omi ló ń mọ̀! Ọ̀gá onígbàjámọ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ò ń gbóríyìn fún ìkòkò!"

Ọkọ gbé ojú kúrò lára abẹ. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilé òun ní yàrá kan tí òun ò wọ̀ rí.

Abẹ náà dákẹ́. Wọ́n gbọ́ omi nìkan.

Ó ku awọ. Tíṣà tú bẹ́líìtì tuntun rẹ̀, ó nà án sí wọn. Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ká a sẹ́yìn díẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó fi orí kọ̀ ọ́.

"Bébà ló wà nínú ẹ̀, Bàbá Tíṣà. Wọ́n kàn kun ún ni."

"Ẹni tó tà á fún mi búra!"

"Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹni yẹn." Ó wo ìbàdí ọkọ rẹ̀. Bẹ́líìtì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, awọ gidi, tó ti rọ̀ bí etí ewúrẹ́. "Bàbá wọn, ẹ bọ́ ọ."

"Kí n bọ́ kí ni? Ṣé o mọ̀ pé mo ti rù?"

"Ẹ ní ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú níwájú, ó dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà. Wọ́n fi bẹ́líìtì kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó fa ìdí rẹ̀ le. Ẹ̀yìn abẹ síwájú. Yí i. Ẹ̀yìn síwájú. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìró náà jinlẹ̀, ó sì rọ̀, bí ológbò tí wọ́n ń fọwọ́ pa lẹ́yìn.

"Ó ti tó," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Ẹ-Ṣọ́ra tu irun funfun kan ní orí rẹ̀, ó gbé e dání, ó mú abẹ súnmọ́ ọn. Irun náà ò tẹ̀. Ńṣe ni ìdajì rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, láìdágbére.

Tíṣà dìde, ó lọ jókòó sórí àga tó ń yí.

"Ẹ dìde níbẹ̀, bàbá," ni onígbàjámọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi ni ìyá wọn á kọ́kọ́ fá."

Tíṣà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Abẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí awọ ò gbọ́dọ̀ kan ojú oníbàárà kó tó kan ojú onílé. Láràárọ̀, lábẹ́ etí ara rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ dán an wò. Ẹni tó se ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Màmá Ẹ-Ṣọ́ra fà sẹ́yìn. "Mo ti sọ. Pípọ́n nìkan."

"Ìyàwó wa," ni Tíṣà wí, kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀, "aago mẹ́sàn-án ti lù kọjá."

Onígbàjámọ̀ jókòó. Ó gbé simẹ́ńtì lé itan, ó fi ọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ gbígbóná bo ojú rẹ̀, ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Gbogbo èyí dára. Ìgbà tó wá gbé abẹ, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nínú dígí, abẹ náà ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì bí ẹja nínú omi.

"Ṣọ́ra," ni onígbàjámọ̀ wí.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Òun ló máa ń sọ ọ́. Tíṣà di ẹnu mú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Wá," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Súnmọ́ mi. Mú etí ẹ wá."

Ó tẹ̀ ba. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí ò tó èémí.

"Tèmi náà máa ń gbọ̀n. Láràárọ̀. Ìró mẹ́ta tí mo máa ń fi abẹ lù lára awọ kí n tó yíjú sí oníbàárà, wọ́n rò pé fáàrí ni. Kì í ṣe fáàrí. Mò ń dúró kí ọwọ́ mi sinmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó na ara rẹ̀ ró. Ìró mẹ́ta. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ti gbọ́ wọn láràárọ̀ ayé rẹ̀ lẹ́yìn ògiri pákó, ó sì máa ń sọ lọ́kàn pé, wò ó bí ọkọ mi ṣe láyà. Inú rẹ̀ dùn lójijì, kò mọ ìdí rẹ̀. Àbí ó mọ̀ ọ́n. Òun nìkan kọ́ ni ojo nínú ilé náà.

Ó padà sídìí ilẹ̀kùn. Pá. Pá. Pá.

Ọwọ́ náà dúró.

Ó fi ìka na awọ ara lábẹ́ etí, ó gbé abẹ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ò jìnnà sí ara ju ìnípọn igi ìṣáná méjì lọ. Ó fà á wálẹ̀ bí irun ṣe hù. Ó gbọ́ ọ: ṣìrì-ṣìrì, bí ẹni tó ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Níbi tí ìró náà bá ti há, á dúró, á na awọ ara, á tún bẹ̀rẹ̀. Etí ló fi ń fá a. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, àgbọ̀n, ọ̀fun. Ọkùnrin kan tó jọ ọkọ tó fẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún yọjú láti abẹ́ ọṣẹ.

Onígbàjámọ̀ gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kò sí ojú ẹ̀jẹ̀ kan," ló wí. "Ẹ wò ó! Kò sí—" Ó dìde fò kó lè rí ara rẹ̀ dáadáa nínú dígí, ó sì gbàgbé ohun tí ọwọ́ náà ń dì mú.

Ṣòkòtò ò gbàgbé. Ó wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó. Màmá Ẹ-Ṣọ́ra ní láti gbé abẹ sílẹ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ fẹ́ súfèé, ètè rẹ̀ ò pàdé, ẹ̀rín ò jẹ́ kó pàdé.

Tíṣà ló wá kàn. Wàhálà tirẹ̀ ni pé kò lè dákẹ́.

"Ìyàwó wa, mo fẹ́ béèrè—"

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Tíṣà. Ọ̀fun tó ń sọ̀rọ̀ ló ń pe abẹ."

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ti so ṣòkòtò mọ́ ìdí pẹ̀lú okùn, ó ń súfèé. Kò kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń gbọ́. Níbi ọrùn tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, obìnrin náà lọ jẹ́jẹ́, ó yí abẹ ká wíwú kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ àga ká.

Bó ṣe ń nu ọṣẹ tó kù lẹ́yìn etí ni ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ ló wọlé. Ó ti wọ aṣọ ìyàwó, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà lápá aṣọ.

"Ẹ ṣọ́ra, abẹ́rẹ́—" ni Màmá Ẹ-Ṣọ́ra bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lọ bá Tíṣà lórí àga. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó tún pa á sókè, bí ẹni tó ń wá àléébù lára aṣọ. Ó wo ọrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Tíṣà ò mí.

"Hùn," ni Aránṣọ wí. "Kò sí ojú rírán kankan." Ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kan an, lójú gbogbo wọn, kò dúró de aago méjìlá.

Nígbà tó wojú sókè, onígbàjámọ̀ ló wò. "Pẹ̀lú ọwọ́ tó wà nínú simẹ́ńtì?"

"Ìyàwó mi ni," ni onígbàjámọ̀ wí, ó sì tún un sọ, nítorí ó dùn lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó mi ni."

"Màmá Ẹ-Ṣọ́ra? Tó ń fi ṣíbí gé búrẹ́dì?"

"Mo wà níbẹ̀!" Tíṣà ti rí ẹnu rẹ̀ gbà padà. "Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ọkọ ẹ̀ bá sọ nǹkan sí i létí, ó lọ lu awọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ bá dúró gbagidi. Ìyàwó wa, mo ti kọ́ ọmọ fún ogójì ọdún, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kí ló sọ fún ẹ?"

Nínú dígí, Màmá Ẹ-Ṣọ́ra rí ojú ọkọ rẹ̀. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá náà ń dán, ó sì ń bẹ̀ ẹ́.

Ó nu abẹ gbẹ. Ó pa á dé sínú èkù rẹ̀, tá. Ó fi í sínú àpò ara rẹ̀, bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sápò.

"Ẹ máa lọ ṣègbéyàwó yín, aago mọ́kànlá ti fẹ́ lù."

"Sọ ọ́ fún wa ná!"

"Ẹ wọ kóòtù yín, Bàbá Tíṣà."

"Díẹ̀ péré," ni Aránṣọ náà wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Àwa obìnrin nìkan. Sọ ọ́ sí mi létí."

Màmá Ẹ-Ṣọ́ra gbé abọ́ omi ọṣẹ, ó dorí kọ ilé ìdáná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi?" ló wí. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."